Kóòtù Ọ̀gá Láoyè Wà Lórí Síìtì

Ẹni tó bá mọ Akínkúnlé Láoyè nígbà tó ń lé ewúrẹ́, kó fọwọ́ bo ẹnu ná; a ó dé ibẹ̀. Lásìkò tí à ń wí yìí, tí àwọn ológun wà lórí àlééfà, tí epo pẹtiróòlù ṣọ̀wọ́n ní Ilé-Ifẹ̀ ju omi ẹ̀ẹ̀rùn lọ, tí ìyanṣẹ́lódì sì ń ti yunifásítì pa bí ẹni ti fèrèsé nígbà òjò, Láoyè ti di èèyàn ńlá. Ó ní ọ́fíìsì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní yunifásítì kan tí a ò ní dárúkọ. Ó ní fáànù, ó ní akọ̀wé, ó sì ní pátákó lẹ́nu ọ̀nà. Káfíńtà tó gé pátákó náà ní láti kan igi mìíràn mọ́ ọn, nítorí igi tán nígbà tí oyè ò tíì tán: ADELÉ OLÙDARÍ ÀGBÀ FÚN Ọ̀RỌ̀ IBI ÌKÀWÉ, ÌJÓKÒÓ, ÌMỌ́LẸ̀ ÀTI ÌDÁKẸ́JẸ́ ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́.

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yìí, ẹyọ kan ṣoṣo ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ dà nínú Láoyè: ADELÉ. Ó há a lọ́fun bí eegun ẹja. Ó ti ṣe adelé títí tí àwọn ọmọ tó bá a lórí oyè fi kàwé tán, tí wọ́n gbéyàwó, tí wọ́n sì ń mú ọmọ wá kí i. Wọn kì í fún adelé ní mọ́tò. Wọn kì í fi adelé sí ìlà iwájú níbi ayẹyẹ. Èyí tó wá burú jù ni pé adelé lè padà síbi tó ti wá, ibi tí Láoyè sì ti wá kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi yangàn lójú àna: òun ni ọ̀gá àwọn tó ń lé ewúrẹ́ ará ìlú kúrò lórí koríko yunifásítì.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ kóòtù rẹ̀ díẹ̀, torí nínú àwọn méjèèjì, kóòtù gan-an ni òṣìṣẹ́. Aláwọ̀ eérú ni, èjìká rẹ̀ le bí ẹni pé èèyàn wà nínú rẹ̀. Láràárọ̀, Láoyè á gòkè wá, á bọ́ ọ, á fi kọ́ ẹ̀yìn àga ńlá rẹ̀, á ṣí fáìlì kan sílẹ̀ lórí tábìlì, á gbé gíláàsì ojú lé e, á tan fáànù kí apá kóòtù lè máa mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń buwọ́ lùwé. Lẹ́yìn náà á gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀, ó di Òkèrèwè, níbi tó ti ń sin adìyẹ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí, ẹ má wojú ara yín. Ẹ mọ àṣà náà. Bí kóòtù bá ti wà lẹ́yìn àga, ọ̀gá wà lórí síìtì. Kò sí adájọ́ tó lè ní kò sí níbẹ̀.

Roqeeb, akọ̀wé rẹ̀, ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ohùn Roqeeb ń yọ̀ bí ilá. Bí àlejò bá dé, á ní, "Ọ̀gá wà lórí síìtì. Wọ́n kàn yà ni." Àlejò á yọjú, á rí kóòtù, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń dọ̀bálẹ̀ fún un, kí ọ̀rọ̀ wọn má baà bàjẹ́. Kóòtù náà kò sì gbéraga. Ó máa ń mi apá sí wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó ń kí kóòtù ni Mojíre, ọmọbìnrin kan tó wà ní ọdún àṣekágbá, tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣirò. Ó ti fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Bó bá tún ṣubú nínú rẹ̀ ní sáà yìí, á padà sílé láìgboyè. Ìlódè ló háyà yàrá sí. Lápá ọ̀tún yàrá náà, ẹ̀rọ ata ń lọ láti àárọ̀. Lápá òsì, bàbá onílé ń gbọ́ rédíò, bàbá onílé ò sì gbọ́ràn dáadáa. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, Nẹ́pà á mú iná lọ. Ó lọ sí láíbúrárì, ó bá òkúta lórí àga. Ó lọ sí kíláàsì, ó bá ẹgbẹ́ akọrin. Ìgbà tó yá, ó gba ọ́fíìsì Láoyè lọ, ó bá kóòtù. Ó tún lọ. Kóòtù.

Lọ́jọ́ tó wá bá ọ̀gá lójúkojú, torí òjò tó dí ọ̀nà Òkèrèwè, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má mọ̀ ọ́n.

"Ẹ káàsán, sà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá yín. Kóòtù yín ni mo máa ń bá."

"Ẹni tó bá kóòtù ti bá ọ̀gá," ni Roqeeb wí láti ẹnu ọ̀nà.

Láoyè na ọwọ́ kan sókè. Ó wú ikọ́. Bó bá ti wú ikọ́ báyìí, iṣẹ́ Roqeeb ni láti sọ pé, "Ọgbọ́n ń bọ̀ o!" Roqeeb sì sọ ọ́.

"Ọmọbìnrin," ni Láoyè wí, "ǹjẹ́ o mọ ohun tí à ń pè ní ìkàwé?"

"Mo lérò pé mo mọ̀ ọ́n, sà."

"O ò mọ̀ ọ́n! Ìwé kọ́ ni ìkàwé. Ojú kọ́ ni ìkàwé. Ìjókòó ni! Ta ló ti dúró kàwé tó di nǹkan láyé yìí? Ìjókòó sì nìyí, ìpìlẹ̀ ni. Ìpìlẹ̀ ìpìlẹ̀ ni! Ẹni tó bá mọ ìjókòó, ó mọ ìmọ̀. Èmi tí o ń wò yìí, mo ti jókòó!"

"Ẹ ti jókòó, sà!" ni Roqeeb wí. "Ojú wa ni ẹ ṣe jókòó!"

"Sà," ni Mojíre wí, "tábìlì ni mo fẹ́, àti iná, àti ibi tí wọn ò ti lọ ata."

Láoyè wò ó bí ẹni wo ẹni tó bèèrè iyọ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín ilẹ̀. Àmọ́ kò lé e jáde, torí ìròyìn kan ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ìgbìmọ̀ aláṣẹ yunifásítì ń bọ̀ lópin oṣù láti wá yẹ ọ̀rọ̀ ipò rẹ̀ wò. Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti ń ríbi kàwé, wọ́n á yọ ADELÉ kúrò lára pátákó. Bí wọn ò bá ríbi, ewúrẹ́ ṣì ń jẹko, wọ́n ń dúró de ọ̀gá wọn.

"Lọ sílé," ni Láoyè wí fún Mojíre. "Láti ọ̀la lọ, ibi ìkàwé á pọ̀ débi pé ẹ ó máa sá fún un."

Ọ̀rọ̀ náà ṣẹ, bẹ́ ẹ ó ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Láoyè jáde pẹ̀lú ọ̀wọ́ èèyàn lẹ́yìn. Roqeeb gbé agbòòrùn lé e lórí bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí òòrùn. Oyèwọlé, ọ̀gá àwọn sìkíọ́rítì, ló ṣíwájú. Èèyàn gíga ni Oyèwọlé, ọmọ mẹ́fà ló ń fi iṣẹ́ náà bọ́, kì í sì í fi àṣẹ ṣeré. Bí wọ́n bá ní kó mú atẹ́gùn, á kàn bèèrè irú àpò tí wọ́n fẹ́ kó o sí ni.

Wọ́n dé abẹ́ igi máńgòrò kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jókòó yí i ká, wọ́n ń kàwé jẹ́ẹ́. Láoyè gbójú sókè.

"Kí ló so sókè yẹn?"

"Máńgòrò ni, sà."

"Bó bá já lu ọmọ lórí, tí gbogbo ohun tó kà dà nù ńkọ́? Ta ni ìjọba máa mú?"

"Ẹ̀yin ni, sà," ni Roqeeb wí, ó sì gbọ̀n.

Láoyè bá pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kàwé lábẹ́ igi títí wọn ó fi ká gbogbo èso rẹ̀ tán. Wọ́n ká a. Wọ́n di í sínú àpò, wọ́n gbé e lọ sílé Láoyè fún ìwádìí. Ìwádìí náà gbóòórùn lẹ́nu àwọn ọmọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Wọ́n gun òkè dé orí àpáta pẹlẹbẹ kan tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ òfin máa ń jókòó sí. "Ta ló yọ̀ǹda àpáta yìí fún ìkàwé?" ni Láoyè bèèrè. Wọ́n ní Ọlọ́run ló dá a síbẹ̀. Ó ní ṣé Ọlọ́run gba àyè lọ́dọ̀ ọ́fíìsì òun ni? Wọ́n bá gbé pátákó síbẹ̀: ÀPÁTA YÌÍ Ń DÚRÓ DE ÌFỌWỌ́SÍ. Wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ̀ngàn kan tó ní gílóòbù kan ṣoṣo tí kì í kú, tí àwọn ọmọ tí kò ríbi lọ fi ń ka hándáòtì wọn. Láoyè ní kí wọ́n yọ gílóòbù náà, kí wọ́n lọ gbé e sókè pátákó tí oyè òun wà lára rẹ̀, kí àwọn ọmọ lè rí ẹni tó mú ìmọ́lẹ̀ wá.

Ìgbà tí wọ́n wá wọ láíbúrárì ni ọ̀rọ̀ di ńlá. Àga kún, èèyàn ò pọ̀. Lórí àga kan, ààbọ̀ búlọ́ọ̀kù. Lórí èkejì, sálúbàtà ẹsẹ̀ kan. Lórí òmíràn, ọmọrí ìkòkò, agolo mílíìkì, ìborùn, Bíbélì, Kùránì tí wọ́n fi aṣọ dì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wọ́ gálọ́ọ̀nù rí nídìí ẹ̀rọ omi kò ní bèèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá jí dé kùtùkùtù á fi nǹkan rẹ̀ gba àyè, á sáré lọ wẹ̀, tàbí kó lọ gbọ́ lẹ́kíṣọ̀, bó bá padà, àga rẹ̀ ń dúró dè é. Kò sí ẹni tó kọ òfin náà. Kò sì sí ẹni tó ń rú u.

Ṣùgbọ́n Láoyè dúró láàrin wọn, ó ń nàka sí òkúta.

"Ha! Òkúta ń kàwé! Roqeeb, wo òkúta tó ń gba oyè lọ lójú mi!"

"Òkúta ìyà, sà! Òkúta aláìnítìjú!"

Láoyè gun orí àga kan. Ó wú ikọ́. "Ọgbọ́n ń bọ̀ o!"

"Láti òní lọ," ni Láoyè ké, "àga tí èèyàn ò bá sí lórí rẹ̀, òfìfo ni! Ohun tí ẹ bá bá níbẹ̀, ẹ gbé e! Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, kó jókòó! Nǹkan ò lè dúró fún èèyàn. Ẹni tó bá fi nǹkan sórí àga tó lọ, irọ́ ló pa, olè ló jà, ó jí ìjókòó ọmọnìkejì rẹ̀!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Oyèwọlé kó ọmọrí ìkòkò àti búlọ́ọ̀kù, ó ń gbé wọn lọ bí ẹni mú ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n ó dé ibi àga kan tí báàgì aláwọ̀ dúdú wà lórí rẹ̀, ó dúró. Olùkọ́ àgbà kan ló ni báàgì náà. Bàbá náà kàn lọ tọ̀ ni. Oyèwọlé fo àga yẹn.

"Oyèwọlé!" Igbe náà mú kí ẹyẹ fò lójú fèrèsé. "Ta ló ní kó o dá a sí? Bó jẹ́ èmi Akínkúnlé Láoyè alára ni mo fi nǹkan sórí àga tí mo lọ, gbé e! Bí o bá tún dá ti ẹnikẹ́ni sí, ìwọ ni mo máa gbé sílé!"

Oyèwọlé gbé báàgì náà. Ọ̀rọ̀ yìí sì wọ̀ ọ́ lára. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀yin náà fi í sápò.

Òkìtì ẹrù tí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ga sókè lọ́ọ̀dẹ̀ ọ́fíìsì Láoyè. Nínú láíbúrárì, kò sí ẹni tó lè dìde mọ́. Bí o bá dìde mumi, o ti pàdánù. Bí o bá dìde kírun, o ti pàdánù. Àwọn ọmọ wá dáwọ́ omi mímu dúró kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n wọ́n, títí ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ẹniolúwa fi ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, tí wọ́n fi gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kí wọ́n tó gbé e dẹ́nu ọ̀nà, ẹlòmíràn ti wà lórí àga rẹ̀. Òfin ni.

Mojíre náà di ìtọ̀ mọ́ra títí kò lè dì í mọ́. Ó tẹ́ ìborùn ìyá rẹ̀ sórí àga, ó sáré jáde, ó sáré wọlé. Ìborùn ti lọ. Àga ti lọ.

Láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ fi láíbúrárì sílẹ̀. Láoyè wọ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bá àga lórí ìlà, tí ìmọ́lẹ̀ òòrùn ń dán lórí wọn, tí ẹnì kan ò jókòó. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Roqeeb, ṣé o rí i? Nígbà tí mo dé ipò yìí, ǹjẹ́ àga kan ṣófo níbí?"

"Ẹyọ kan ò ṣófo, sà."

"Wò ó lónìí!"

"Ẹ ti sọ ibi ìkàwé di púpọ̀, sà. Ó kù kí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì ṣe ère yín."

"Kí wọ́n ṣe é ní ìjókòó," ni Láoyè wí.

Ibo ni àwọn ọmọ lọ? Wọ́n fọ́n ká ìlú. Àwọn kan ń kàwé lọ́ọ̀dẹ̀ mọ́ṣáláṣí, àwọn kan ń kà á nídìí fìtílà àwọn oníṣòwò kòkó, wọ́n sì ń ṣèṣirò fún wọn bí owó ibẹ̀. Mojíre ní tirẹ̀ rí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ọ̀ṣúndáre ní Òkèrèwè. Pósí ni bàbá náà ń kàn. Igi mọ́, tábìlì gùn, kò sí ẹni tó ń wá síbẹ̀ ṣeré.

"Jókòó síbi tó bá wù ọ́, ọmọ mi," ni bàbá náà wí. "Àwọn oníbàárà mi kì í pariwo."

Ibẹ̀ dára, àfi ohun kan. Lẹ́yìn ògiri, ọkùnrin kan wà tó máa ń sọ̀rọ̀ sókè lọ́sàn-án gangan: "Ẹ̀yin ọlọ́lá jù lọ! Kí ni ìkàwé? Ìjókòó ni!" Lẹ́yìn gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohùn á dá a lóhùn: kẹ̀kẹ̀kẹ̀, kọ̀ọ́kọ̀ọ́kọ̀ọ́. Mojíre gbójú sókè ògiri. Ó rí Ọ̀gá Láoyè nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, abọ́ oúnjẹ adìyẹ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń wú ikọ́ sáwọn àgbébọ̀.

"Bàbá, ẹ mọ ọkùnrin yẹn?"

"Ọ̀gbẹ́ni aládìyẹ? Ojoojúmọ́ ló máa ń wà níbí láti àárọ̀. Ó ní òun ti fẹ̀yìn tì."

Mojíre padà sídìí ìṣirò rẹ̀. Ìdánwò ló wà níwájú rẹ̀, kì í ṣe Láoyè.

Ṣùgbọ́n nígbà tí oṣù ń parí lọ, àkókò ìsìnkú dé. Bí ìjọ ṣe ń gbé iṣẹ́ pósí wá ni mọ̀lẹ́bí ń gbé e wá, òòlù ò sinmi, tábìlì ò gba ìwé mọ́. Ìdánwò ku ọ̀la. Ìlódè ń lọ ata. Mojíre ronú pé bí òun bá rí ìborùn ìyá òun gbà, òun á fi wé etí, òun á sì gbìyànjú ohun tí òun bá lè kà. Bẹ́ẹ̀ ló gba ọ̀nà ọ́fíìsì Láoyè lọ. Ọjọ́ náà gan-an sì ni ọjọ́ ìgbìmọ̀.

Níbo ni Láoyè wà? Ó wà lọ́dọ̀ télọ̀ ní Ẹnuwà. Ó ti ran agbádá tuntun fún yíyọ ADELÉ, télọ̀ sì ti ṣèlérí láti ọ̀sẹ̀ kejì. Kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó yà, ó ti fi kóòtù kọ́ ẹ̀yìn àga, ó ti ṣí fáìlì, ó ti tan fáànù.

"Apá òsì nìkan ló kù, sà," ni télọ̀ wí. "Kí ẹ tó mí, ó ti tán."

Láoyè fẹ́ jókòó, aṣọ wà lórí gbogbo àpótí.

"Ẹ má gbé ìyẹn o, sà, oníbàárà ló fi gba àyè."

Láoyè sì dúró. Ó mí, ó tún mí, títí mímí fi sú u.

Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Roqeeb ti lọ sí géètì lọ dúró de ìgbìmọ̀ pẹ̀lú òdòdó. Oyèwọlé nìkan ló ń ṣọ́ òkìtì ẹrù. Ó gbọ́ àpèjúwe Mojíre, ó fa ìborùn náà yọ fún un. Mojíre fi bo èjìká. Ojú rẹ̀ ṣèèṣì wọ inú yàrá ọ̀gá. Tábìlì fífẹ̀. Fáànù. Fèrèsé tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Ìdákẹ́jẹ́ tó ṣe é gé lọ́bẹ.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "ta ló wà lórí àga yẹn?"

"Ọ̀gá ni. Wọ́n wà lórí síìtì."

"Kóòtù ni mo rí."

"Kóòtù wọn ni."

"Ṣé èèyàn wà nínú rẹ̀?"

Oyèwọlé wo kóòtù. Kóòtù mi apá sí i. "Bó jẹ́ èmi Akínkúnlé Láoyè alára ni mo fi nǹkan sórí àga tí mo lọ, gbé e!" Ọ̀rọ̀ náà ń dún létí rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdánwò ńkọ́? Bí ọ̀gá bá fara pa mọ́ síbì kan, tó ń wò ó, lọ́jọ́ ìgbìmọ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́fà nílé? Ó wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún kóòtù náà. "Ẹ dákun, sà," ni ó wí, ó sì gbé e. Ó lọ jù ú sórí òkìtì, láàárín sálúbàtà àti ọmọrí ìkòkò.

Nígbà tó padà, ó nàka sí àga. "Jókòó."

"Èmi kẹ̀? Rárá o, ẹ̀gbọ́n!"

"Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé, kó jókòó. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n wí. Aunty, ẹ má jẹ́ kí n pàdánù iṣẹ́ mi!"

Mojíre wo fáànù. Ó wo tábìlì. Ìdánwò ku ọ̀la. Ó jókòó, ó ṣíwé rẹ̀, kò pẹ́ tó fi gbàgbé ibi tó wà.

Ìyáàfin Fọláyọ̀ ni alága ìgbìmọ̀. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ girama tó ti fẹ̀yìn tì ni. Kì í bínú, kì í sì í rẹ́rìn-ín, ìyẹn ló jẹ́ kí ẹ̀rù rẹ̀ máa ba gbogbo èèyàn. Roqeeb ń fẹ̀yìn rìn gòkè àtẹ̀gùn níwájú rẹ̀.

"Láti ìdájí ni ọ̀gá ti ń retí yín, mà! Wọn ò tíì dìde! Wọ́n wà lórí síìtì!" Ó ti ilẹ̀kùn láìwẹ̀yìn, ó nawọ́ sí àga. "Ẹ wò wọ́n!"

Wọ́n wò wọ́n. Ọ̀gá ń fi bírò ha orí, ìborùn wà léjìká wọn.

"Ọ̀gá yín mà kéré lọ́jọ́ orí o," ni Ìyáàfin Fọláyọ̀ wí.

Mojíre fò dìde. Obìnrin náà ní kó padà jókòó. Oyèwọlé bá ṣe sàlúútù, ó ro ẹjọ́ àga, ẹjọ́ òfin, ẹjọ́ kóòtù, láìfi ẹyọ kan sílẹ̀, bí ẹni tó ń retí oríyìn. Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ jókòó sórí gbogbo àga tó kù, wọ́n ń gbọ́.

"Ọmọ mi," ni Ìyáàfin Fọláyọ̀ bi Mojíre, "wọ́n ní àga ṣófo ní láíbúrárì. Níbo lò ń kàwé sí láti ọjọ́ yìí?"

"Ní ṣọ́ọ̀bù onípósí kan ní Òkèrèwè, mà. Ibẹ̀ dákẹ́, àfi lọ́sàn-án tí Ọ̀gá Láoyè bá ń bá àwọn adìyẹ wọn sọ̀rọ̀."

"Lójoojúmọ́?"

"Láti àárọ̀, mà."

Ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ wú ikọ́. Roqeeb ò sọ pé ọgbọ́n ń bọ̀.

Ìgbà yẹn ni ẹsẹ̀ dún lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Láoyè yọ, agbádá funfun gbọ̀ọ̀rọ̀ lọ́rùn, òwú ń fò lápá òsì, torí apá òsì ò padà tán. Ó ti na ọwọ́ sókè kó tó wọlé.

"Ẹ̀yin ọlọ́lá jù lọ! Kí ni ìkà—"

"Ẹ rọra, Ọ̀gbẹ́ni Láoyè," ni Ìyáàfin Fọláyọ̀ wí. "Ẹnì kan ń kàwé."

Láoyè wo àga rẹ̀. Ó wo ẹni tó wà lórí rẹ̀. Ó wo àwọn àga yòókù, gbogbo wọn kún.

"Kóòtù mi dà?"

"Mo ti gbé e, sà!" ni Oyèwọlé ké, ayọ̀ kún ojú rẹ̀. "N kò dá a sí!"

"Aláìnírònú! Kóòtù mi ló dúró fún mi! Ibi tí kóòtù mi bá wà, èmi ni mo wà níbẹ̀! Gbogbo ayé ló mọ̀!"

"Òkúta àwọn ọmọ náà dúró fún wọn," ni Ìyáàfin Fọláyọ̀ wí. "Ẹ ní irọ́ ló ń pa, ẹ ní olè ni. Wọ́n kàn lọ wẹ̀ ni. Ẹ̀yin lọ sin adìyẹ."

Láoyè wojú Roqeeb. Roqeeb ń wo òde lójú fèrèsé, bí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá.

"A wá láti yọ ADELÉ kúrò lára pátákó yín," ni obìnrin náà wí. "A ó yọ ọ́. A ó yọ ìyókù náà."

Ibi tí wọ́n parí ọ̀rọ̀ náà sí nìyẹn. Yàrá náà di ibi ìkàwé. Wọ́n kó tábìlì kún un, wọ́n sì fún àwọn ọmọ lẹ́rù wọn padà, òkúta pẹ̀lú. Oyèwọlé ṣì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, kì í gbé nǹkan ẹnikẹ́ni. Mojíre ṣe ìdánwò rẹ̀, ó yege, kò tún gba ibẹ̀ kọjá mọ́. Roqeeb rí ọ̀gá mìíràn, ikọ́ ìyẹn le ju ti Láoyè lọ.

Láoyè padà sídìí ewúrẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́, ó ri òpó igi kan mọ́ àárín pápá, ó bọ́ kóòtù aláwọ̀ eérú, ó gbé e kọ́ ọ, ó tún èjìká rẹ̀ ṣe. Afẹ́fẹ́ fẹ́, apá kóòtù mì. Inú Láoyè dùn, ó kọrí sí Òkèrèwè, síbi tí àwọn adìyẹ ti ń retí ọ̀rọ̀.

Òbúkọ arúgbó kan láti Ìlódè jẹko dé ìdí òpó náà. Ó gbójú sókè, ó wo kóòtù fún ìgbà pípẹ́. Kóòtù mi apá sí i. Òbúkọ náà na ọrùn, ó mú apá náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rún un láti ibi bọ́tìnnì lọ sókè. Kò tíì ṣiṣẹ́ ìjọba rí; kò mọ̀ pé ọ̀gá lòun ń jẹ.